Kànga Tí Tàófíìkì Fi Sílẹ̀ Lágbedeméjì

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Òkè-Ìlá nílùú Adó, ìró korobá àti agbè ni etí kọ́kọ́ ń gbọ́. Àwọn obìnrin ń sáré lọ sódò kí omi tó di ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Nímọ́tà, aya Tàófíìkì aránṣọ, kò lè bá wọn lọ. Orí ẹní ló wà, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó ń payín keke nítorí ìrora.

Sòbìà ló yọjú ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, funfun báláú bí òwú ìránṣọ. Wọ́n ti fi igi tín-ín-rín ká a, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń wé e jáde, nítorí bí ó bá já sínú, ọ̀rọ̀ á di nǹkan mìíràn.

"Bàbá Kúdí," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀, "ta ni yóò pọn omi lónìí? Ṣé Kúdírát, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, ni yóò nìkan lọ sódò?"

Tàófíìkì wo ẹsẹ̀ náà, ó gbójú kúrò. "Ìyá Kúdí, ẹ̀rùn mìíràn kò ní bá wa lẹ́nu odò yẹn. Mo máa gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo búra."

"Ẹ ti búra rí."

"Ti èyí yàtọ̀."

Ọ̀rọ̀ obìnrin náà kì í ṣe àbùkù. Ọmọ Ọ̀ṣogbo ni Tàófíìkì, iṣẹ́ aránṣọ ló gbé e wá sí Adó. Ọwọ́ rẹ̀ dá, ẹnu rẹ̀ dùn, gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn: nǹkan kì í pẹ́ yá a lára, kì í sì í pẹ́ sú u. Ó ní òun yóò fi ọgbà yí ilé ká, ó ri òpó díẹ̀, ó dúró. Ó ní òun yóò kọ́ ìwé kíkà pẹ̀lú àwọn àgbà tó ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ó dé ibi A, B, D, ó padà sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀, òun náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ló yá ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Ó gbẹ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń lé e bọ̀. Monínúọlá, ọmọ Adó tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, a máa yọjú láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá Kúdí!"

Tàófíìkì a fi ohùn Èkìtì dá a lóhùn láti inú ihò: "Uṣẹ́ ń lọ, Ìyá Àyọ̀kẹ́! Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi wá pọn omi níbí!"

Ihò náà jìn kọjá orí rẹ̀. Nígbà náà ni òjò dé. Omi kún inú àmù lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ Nímọ́tà jinná, kò sì sí ẹni tó rántí odò mọ́. Ọdún náà ni ìjọba sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kún ṣọ́ọ̀bù Tàófíìkì dé ẹnu ọ̀nà. Ó fa ògbólógbòó páànù kan bo ẹnu ihò, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ lé e.

"Ẹ parí ihò yìí, tàbí kí ẹ dí i," ni Nímọ́tà ń wí ṣáá.

"Mo máa tó padà sí i."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ní ọ̀sán Sátidé kan tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí afẹ́fẹ́ ti ṣí páànù nù, Tàófíìkì ń gé aṣọ lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ igbe Kúdírát láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òun àti Àyọ̀kẹ́, ọmọ Monínúọlá, ti ń ṣeré.

"Bàbá! Bàbá o! Àyọ̀kẹ́ ti wọ ihò lọ!"

Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ bí òun ṣe dé ẹnu ihò. Omi pupa ló wà níbẹ̀, ó ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, kò sí orí, kò sí ọwọ́. Ó bẹ́ sínú rẹ̀.

Omi mù ún dé ọrùn. Ó fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ẹrẹ̀ nìkan ló bá. Ó rì sísàlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ọmọ náà láàárín òkùnkùn omi, ó gbá nǹkan múlọ́múlọ́ mú, ó rò pé ọmọ ni, imọ̀ ọ̀pẹ ni. Ó jáde, ó mí, ó tún rì. Lẹ́ẹ̀kejì yìí ni ìka rẹ̀ kọ́ aṣọ.

Nígbà tó gbé ọmọ náà yọ sójú omi, orí ọmọ náà ń ṣe yẹ̀gẹ̀yẹ̀gẹ̀. Nímọ́tà ti dojúbolẹ̀ lẹ́nu ihò, ó na ọwọ́ méjèèjì sísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ihò ń yọ́, iyẹ̀pẹ̀ ń já lu Tàófíìkì lórí.

"Ẹ gbé e sókè sí i! Ọwọ́ mi kò tó o!"

Tàófíìkì gbé ọmọ náà lórí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ẹrù. Nímọ́tà gbá ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú, ó fà á jáde. Ó dojú ọmọ náà délẹ̀ sórí koríko, ó ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń dẹwọ́, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ kò mí.

Monínúọlá ti dé. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú.

Àyọ̀kẹ́ wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ó bì, ó bú sẹ́kún. Gbogbo àwọn tó ti pé jọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Monínúọlá fi ìró rẹ̀ wé ọmọ náà, ó dìde, ó wá wo Tàófíìkì tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ rá jáde láti inú ihò.

"Bàbá Kúdí," ó sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́, "ihò lẹ gbẹ́ dè wá."



Ní Mọ́ńdè, Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ, wolé-wolé, gun kẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú aṣọ kakí rẹ̀. Àgbàlagbà ni, ìlú sì bẹ̀rù rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá bá ẹ̀gbin tàbí ewu nílé rẹ̀, kóòtù ló ń mú un lọ. Ó yí ihò náà ká. Àwọn aládùúgbò ń pariwo: "Kí ó dí i! Kí ó dí i lónìí!"

"Èmi náà fẹ́ dí i, sà," ni Tàófíìkì wí.

"Mo lè gbé ọ dé kóòtù, ó sì tọ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀," ni Akínlẹ́yẹ dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Kí ló dé tí o fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Sòbìà ló dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, sà. Omi odò ló fà á."

"Òótọ́ ni. Bí o bá dí i, odò náà ni ẹ ó padà sí. Bí o bá sì fi í sílẹ̀ báyìí, yóò gbé ẹlòmíràn mì. Ọjọ́ wo ni o fẹ́ kí kànga yìí dé omi?"

"Kò... kò ní pẹ́, sà."

"Kò ní pẹ́ kì í ṣe ọjọ́. Iṣẹ́ wo ni o fẹ́ ṣe níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?"

Tàófíìkì wo inú ihò náà.

"Bí o kò bá ṣe é, ta ni yóò bi ọ́?"

Tàófíìkì wo àwọn aládùúgbò tó yí i ká.

"Ṣé o rí i? Ohun tí o ní kì í ṣe ìpinnu. Ó wù ọ́ lásán ni. Ohun tó wuni kì í gbẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀." Akínlẹ́yẹ fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ihò náà. "Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, kan pákó tó nípọn bò ó, kí o sì fi ọgbà yí i ká. Lọ́sẹ̀ yìí, lọ bá Òjó agbẹ́kànga ní Ìyìn, kí ó kọ́ ọ, nítorí kànga ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé tí omi ilẹ̀ fà, kí ẹ gbọ́n ìdọ̀tí inú rẹ̀, kí ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ. Fi Kérésìmesì ṣe òpin rẹ̀. Kí kànga tó parí, kí ẹ máa fi aṣọ funfun tó nípọn sẹ́ omi odò, kí ẹ sì sè é. Níkẹyìn, wá ẹni tí yóò máa bi ọ́ ní gbogbo Sátidé. Má wá ọ̀rẹ́ tí yóò bá ọ rẹ́rìn-ín. Wá ẹni tí o kò lè purọ́ fún."

Kí oòrùn tó wọ̀, pákó ti wà lórí ihò, ọgbà sì ti yí i ká. Tàófíìkì wẹ ẹrẹ̀ kúrò lára, ó lọ dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Monínúọlá. Ó sọ ohun tí wolé-wolé wí.

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ fẹ́ kí n máa bá yín ṣọ́ ihò tó fẹ́ pa ọmọ mi?"

"Èmi ni mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé dé, Monínúọlá dúró lẹ́yìn ọgbà. Kò kí i. "Bàbá Kúdí, ibo lẹ dé?"

"Mo ti rí Òjó ní Ìyìn. Ó ní òun ń bọ̀."

Ó mi orí pé òun gbọ́, ó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Òjó dé, ó kọ́ Tàófíìkì bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kànga kó má baà ya, ó sì kìlọ̀ fún un pé ẹnì kan kì í dá wọ kànga láìsí ẹni tó di okùn mú lókè. Ọyẹ́ fẹ́, omi fà. Wọ́n gbọ́n ẹrẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ẹ lọ. Àwọn àárọ̀ kan wà tí ibùsùn di Tàófíìkì mú, ṣùgbọ́n bí ó bá rántí ojú tí yóò yọ lẹ́yìn ọgbà ní Sátidé, a dìde.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀pá irin lu nǹkan, iná sì ṣẹ́ yọ. Àpáta ni. Tàófíìkì lu ọ̀tún, ó lu òsì, àpáta ló tẹ́ rẹrẹ.

"Ó lè fẹ́lẹ́, ó sì lè nípọn," ni Òjó, tó di okùn mú lókè, wí. "Ẹni tí kò bá fọ́ ọ kò lè mọ̀."

Tàófíìkì gun okùn jáde, ó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Nígbà tí Sátidé dé, kò dé ẹ̀yìnkùlé rárá. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń wa ẹ̀rọ láìfi aṣọ sí i. Òjìji kan yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ibo lẹ dé?" ni Monínúọlá bi í.

"Ìyá Àyọ̀kẹ́, àpáta ni."

"Mi ò bi yín pé kí ló wà níbẹ̀."

Inú bí Tàófíìkì. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi eyín jẹ ẹ́ ni? Mo ti gbìyànjú! Ọlọ́run rí mi!"

Monínúọlá wọlé, ó jókòó sórí àpótí. "Àyọ̀kẹ́ ṣì ń sá fún omi, bó tilẹ̀ jẹ́ omi inú igbá. Ẹ ò mọ̀ pé ó nira fún mi láti máa wá síbi ihò yẹn. Mo ń wá nítorí mo fẹ́ kó di nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lónìí, ihò tó gbé ọmọ mi mì náà ni yóò jẹ́ lójú mi títí láé."

Ó dìde, ó lọ. Ìbínú Tàófíìkì bá a lọ, ìtìjú nìkan ló kù fún un nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ bá Òjó.

"Ǹjẹ́ a lè fọ́ àpáta yẹn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lójúmọ́?"

Òjó rò ó. "Ìyẹn ṣe é ṣe."

Wọn kò yẹ ìpinnu, iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n gé kéré. Láràárọ̀, kí Tàófíìkì tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọn a fọ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó fi àkísà wé e. Nígbà míì wọn kì í ní èsì fún Monínúọlá ju "Ó ku sí i" lọ. Kérésìmesì ń sún mọ́lé, ẹ̀rù sì ń ba Tàófíìkì pé òpin tí òun dá yóò bá òun lórí àpáta.

Àárọ̀ kan ni Òjó sọ ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ tí kò dún. Ó rì wọlé. Nígbà tó fà á yọ, omi tẹ̀ lé e, ó tutù nini, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Tàófíìkì di okùn mú lókè, ó ń sunkún.

Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ wá wò ó. "Omi kọ́ ni ìparí," ni ó wí. Nítorí náà wọ́n mọ ògiri yí ẹnu rẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni má baà ti ẹsẹ̀ tó ní sòbìà bọ omi, wọ́n kan ìdérí pákó, wọ́n so korobá kan ṣoṣo mọ́ ọn. Kérésìmesì bá a ní píparí. Monínúọlá ni Nímọ́tà ní kó kọ́kọ́ fa omi níbẹ̀. Àyọ̀kẹ́ kò sún mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, òkèèrè ló dúró sí, kò sì sí ẹni tó fi dandan mú un. Nígbà tí ẹ̀rùn ọdún kejì kọjá, kò sí ẹsẹ̀ tí sòbìà yọ ní ilé méjèèjì.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀pọ̀ wa ló ní kànga tiwa tí a fi sílẹ̀ lágbedeméjì: iṣẹ́ ọwọ́ tí a kò kọ́ tán, oògùn dókítà tí a kò lò tán, ilé tí a kò bò. Kí ẹ tó ṣèlérí, ẹ bi ara yín pé ọjọ́ wo ni yóò parí, àti pé kí ni ẹ ó ṣe níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Ẹ sọ ọ́ sétí ẹni tí yóò máa béèrè láìfi ẹ̀rín bò ó. Bí ẹ bá kan àpáta, ẹ gé iṣẹ́ òòjọ́ kéré, ṣùgbọ́n ẹ má gé ìpinnu. Èyí tí ẹ kò bá sì lè ṣe parí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí ọmọ ọlọ́mọ ń gbà kọjá.