Ìwé Tí Kò Jẹ́ Kí N Jókòó Jẹ́ẹ́

"Ìyá Oníwèé, jókòó jẹ́ẹ́ jàre," ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "O ti ń yí kiri látàárọ̀."

Ọmọbìnrin náà, tí wọ́n sọ ní Ìyá Oníwèé torí ìwé kíkà, kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Inú bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n wà, bàbá rẹ̀ ló sì ń wà á. Tíṣà tó ń bójú tó ilé ìkàwé ti ní kí olúkúlùkù wọn ka ìwé ìmọ̀ mélòó kan, ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, kí wọ́n sì kọ ohun tí èyí tó gbà wọ́n lọ́kàn jù ṣe sí wọn. Ìyá Oníwèé ti ka ọ̀kan nípa oorun àti ọ̀kan nípa àwọn tó ń kọ́ afárá. Méjèèjì dùn mọ́ ọn. Èyí tó kà nípa etí ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀.

Ìwé náà ní ariwo ẹ̀rọ a máa ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ó dun ẹni tó ń ṣe. Ohùn tó tín-ín-rín ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ: ohùn ẹyẹ, ohùn ọmọdé. Onítọ̀hún á máa rò pé àwọn èèyàn ni kò lanu sọ̀rọ̀ mọ́. Á wá máa wo ẹnu wọn.

Bàbá rẹ̀ pẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú kó tó di awakọ̀. Ẹnu ni bàbá rẹ̀ máa ń wò. Fóònù á máa dún nínú àpò rẹ̀, á máa rìn lọ ní tiẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dúró, ọmọ kékeré kan sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀kùn padé mọ́ okùn báàgì rẹ̀, ọkọ̀ sì gbéra. Ọmọ náà figbe ta. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà pariwo, síbẹ̀ awakọ̀ kò wẹ̀yìn. Ìgbà tí Ìyá Oníwèé sáré lọ gbá a léjìká ló tó tẹ bíréèkì. Okùn báàgì ti já. Ọmọ náà dúró létí títì, nǹkan kan kò ṣe é.

"Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?" bàbá bi wọ́n.



Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Oníwèé lọ dúró sẹ́yìn bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń nu gíláàsì ọkọ̀. Ó pè é, ó tún un pè. Bàbá ń nu gíláàsì lọ. Ó bá yí lọ síwájú rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ ò gbọ́ igbe ọmọ yẹn."

Bàbá wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi parí. "Ariwo ẹ́ńjìnnì ni."

"Mo pè yín lẹ́yìn báyìí. Ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́."

Bàbá ká àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó tún tú u. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fura. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbọ́ nílé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi pa á mọ́ra."

Bàbá rẹ̀ kì í bẹ èèyàn. Ìyá Oníwèé ní òun ti gbọ́, òun ò ní sọ.

Ìwé afárá ló kọ̀rọ̀ lé lórí. Ó kà á níwájú kíláàsì lọ́jọ́ kejì, wọ́n pàtẹ́wọ́, àmọ́ tíṣà dá a dúró.

"O kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ nínú ẹ̀. Ṣé òun nìwé tó gbà ọ́ lọ́kàn lóòótọ́?"

Lójú fèrèsé, Ìyá Oníwèé ń wo àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó bẹ tíṣà pé kó jẹ́ kí òun máa lọ, ó sì sáré lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ fún ọ̀gá yín fúnra yín. Tí ẹ ò bá sọ, màá sọ."

"O fẹ́ dójú tì mí?"

"Rárá, sà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Báàgì ló já lánàá."

Bàbá wò ó, ó wo àwọn ọmọ náà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì gba ọ́fíìsì lọ.

Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa bójú tó táyà ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé ilé ẹ̀kọ́. Owó tó ń mú wálé dín kù. Ìyá ọmọbìnrin náà ń kùn pé, "Ṣé ìwé la máa sè jẹ báyìí?" Bàbá kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ọmọ bá wọlé, bàbá á jáde. Ọmọbìnrin náà á ṣí ìwé, á pa á dé, á dìde, á tún jókòó. Ó mọ̀ pé ohun tó tọ́ ni òun ṣe, síbẹ̀ ó ń dùn ún. Àṣé èèyàn lè fẹ́ràn òbí rẹ̀ dénú, kó má sì bá a bo ohun tó lè ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá ti ọ̀dọ̀ dókítà etí dé. Ó fa àga, ó jókòó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn á wá ẹ̀rọ tí màá máa fi sétí," ó wí. "Dókítà bi mí pé ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí."

"Kí lẹ sọ fún un, sà?"

Bàbá wo ẹnu rẹ̀ dáadáa kó tó dáhùn.

"Mo ní ọmọ mi ni. Mo ní tó bá kàwé, ó máa ń yé e."