Irin Kejì Tí N Kò Fi Gíríìsì Sí

Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ojú rẹ̀. Táyà iwájú ọkọ̀ kan ń han bọ̀ lójú ọ̀nà Nimbo, gbogbo àwọn alálùpùpù ń yíjú wò ó. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ níwájú garáàjì mi.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni Fàtáì mẹkáníìkì? Ọkọ̀ bàbá mi ń pariwo, ojú ń tì mí láàárín ìlú.”

“Ẹ jókòó, àǹtí. Ojú ò ní tì yín mọ́.”

Hàbíbátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Alájì Lùkmọ́nù aláṣọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tó wá ń ṣòwò nílẹ̀ òkèèrè yìí. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, mo tú táyà, mo yọ etíríyè, irin tó máa ń fún páàdì bíréèkì mọ́ra. Irin róbótó méjì ló fi ń sún lọ sún bọ̀ nínú ìjókòó rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń gbé e dúró, àwọn méjèèjì sì ti dípẹtà. Bí mo ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìjókòó náà, ó ń béèrè, mo ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́ fún yín, ọkàn mi ti bá a lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe wèrè. Mo fi gíríìsì sí irin kìíní, mo sì dá èkejì padà ní gbígbẹ. Mo mọ̀ pé tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, á há, ọkọ̀ á tún han, ọmọ náà á padà wá.

Ó padà wá lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni! Gbogbo ìgbà ni mo ń fi irin kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn, ó gbé atiẹkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí, àti ẹja dání, a jọ jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì.

“Àbẹ̀kẹ́ mi,” mo ní, “jẹ́ káwọn èèyàn mi wá tọrọ ẹ.”

“Kí ló ń dá ẹ dúró?” Ó nu gíríìsì kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ mi.

Àwọn òbí mi lọ. Alájì ṣe wọ́n lálejò dáadáa, ó wá ní: “Ẹ má bínú. N ò kọ ìdílé yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó tún bíréèkì kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tí ò yé han, iṣẹ́ wo ló mọ̀ tí yóò fi bọ́ ọmọ mi?”

Inú bí mi nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ náà fún mi! Èmi tí mo mọ bíréèkì bí ẹni mowó! Síbẹ̀, n ò jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, torí ojú ń tì mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Hàbíbátù gbé ìyá rẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Mamini. Bíréèkì há lójú ọ̀nà, táyà ń yọ èéfín, ọkọ̀ wọ́ wọn sínú kòtò. Apá ìyá rẹ̀ kán.

Ọ̀dọ̀ mi náà ló ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ wá.

“Bàbá mi ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì míì ní Gonfreville,” ó ní. “Mo kọ̀. Mo sọ fún wọn pé o mọṣẹ́.”

Ara mi ò gbà á mọ́. “Hàbíbátù, mo mọṣẹ́. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi irin kan sílẹ̀ láìfi gíríìsì sí i. Mo fẹ́ kí o máa padà wá ni.”



“Fàtáì, ká ní o sọ pé o fẹ́ rí mi, ẹsẹ̀ ni ǹ bá máa fi rìn wá.”

“Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́...”

“Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá mi wà nínú ọkọ̀ yẹn. Tún un ṣe bó ṣe yẹ.”

Mo tún un ṣe. Mo ha irin méjèèjì, mo fi gíríìsì sí wọn, mo fi rọ́bà tuntun bò wọ́n, mo sì yí bóòtù wọn le pinpin. Omijé ń bọ́ lójú mi, n ò lè nù ún torí ọwọ́ mi dọ̀tí. Ó gbé ọkọ̀ lọ láìwẹ̀yìn.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọdún kan ti kọjá, ó sì ṣì ń gba iwájú garáàjì mi lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ò dún mọ́ tí n ó fi mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kí n tó yọrí lábẹ́ ọkọ̀ oníbàárà, ó ti kọjá.