Ìgò Kejì Náà Tàn

"Bu omi tí o fẹ́ bù, kí o sì kúrò nídìí kànga mi," ni ìyàwó bàbá Abẹ́rẹ́ wí. "Ojú burúkú rẹ yẹn nìkan ti tó láti kó àrùn sínú omi."

Abẹ́rẹ́ pòṣé. Torí ẹnu rẹ̀ tó mú ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó kàn bu omi tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ó sì gbé e lọ. Onígbáméjì ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dùbúlẹ̀ ládùúgbò, aláyẹ̀wò omi sì ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé wọn. Ẹ̀rọ náà kì í dúró dìgbà tí kòkòrò bá pọ̀ sí i. Àmì ara kòkòrò gan-an ló ń wá, láàárín wákàtí kan, ìgò tí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀ á sì tàn.

"Jókòó tì í," ni obìnrin aláyẹ̀wò náà sọ fún Abẹ́rẹ́, tó ń ràn án lọ́wọ́. "Omi kànga ló wà nínú ìgò àkọ́kọ́. Omi tí kò ní kòkòrò rárá ni mo fi sínú ìkejì. Bí ìkejì bá tàn, a jẹ́ pé ohun èlò mi ló dọ̀tí. Gbogbo rẹ̀ la ó tún ṣe. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Fóònù obìnrin náà dún, ó sì jáde lọ dáhùn. Ìgò àkọ́kọ́ tàn. Inú Abẹ́rẹ́ dùn dénú. Ìgbà tí ìyàwó bàbá rẹ̀ wọlé ni ìyá rẹ̀ kó jáde, kò sì sí ohun tó wù ú ju kí ojú ti obìnrin náà ní gbangba. Kò pẹ́ sí i, ìgò kejì tàn. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó yọ ọ́, ó sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí.

"Ìkejì ńkọ́?" ni aláyẹ̀wò bi í nígbà tó padà wọlé.

"Kò tàn, mà. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi ni."

Wọ́n ti kànga pa. Kò sẹ́ni tó yẹ omi ẹ̀rọ ìta, tí àdúgbò tún máa ń pọn, wò, torí wọ́n ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Àwọn aládùúgbò bú ìyàwó bàbá rẹ̀ bí ẹni láyin, wọ́n sì kọrí síbi ẹ̀rọ ìta. Àbúrò Abẹ́rẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀, wà lára wọn.

Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ìyàwó bàbá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n lọ sí ọsíbítù. Ẹ̀rù ba Abẹ́rẹ́ débi pé ó sáré lọ bá aláyẹ̀wò. "Ìgò kejì tàn, mà. Mo purọ́ ni."

Obìnrin náà pààrọ̀ ohun èlò, ó yẹ omi kànga àti ti ẹ̀rọ ìta wò. Omi kànga mọ́. Ẹ̀rọ ìta ni kòkòrò wà.

"Ẹ̀bi tèmi ni pé mo gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ gbọ́," ló sọ. "Má fọwọ́ kan nǹkan mi mọ́."

Ara ọmọ náà yá. Wọ́n ṣí kànga, Abẹ́rẹ́ sì gbé garawa lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà."

"Mo ń bínú," ni ìyàwó bàbá rẹ̀ wí, ó sì da omi kún garawa náà. "Gbé e fún àbúrò rẹ."

Abẹ́rẹ́ gbé e lọ. Ó ti yé e pé a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kódà fún ẹni tí a kórìíra, torí ẹni tó bá fi í pamọ́ kò mọ ẹni tí yóò mu nínú omi náà.