Ìpín Tí Olùpín Fi Tọrẹ

Nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yẹ ìgò wò nílé iṣẹ́ kan ni Olùpín ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin kan tó ń bá fídíò iwájú rẹ̀ jà bí ẹni ń bá ewúrẹ́ aláìgbọràn jà.

"Ẹ̀yin lẹ ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àbí? Fídíò mi ń wọ́ bí ìgbín! Kí ìgò tó fọ́ tó hàn, ó ti wọ páálí lọ!"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ojú yín ni ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ wọlé láìkanlẹ̀kùn.

Gbogbo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà ló ní ohun kékeré kan lára tó ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà kò fẹ̀, Olùpín ló sì ń yan èyí tí yóò kọ́kọ́ kọjá. Lọ́jọ́ náà, ó bu nínú ìpín ọ̀nà ẹ̀rọ tó ń se omi, ó fi kún ti ọmọbìnrin náà. Ó ní ẹ̀rọ omi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó lè ní sùúrù.

Bàbá ọmọbìnrin náà ló ń tọ́jú ẹ̀rọ omi ọ̀hún. Kò pẹ́ tí baba fi ń pe Olùpín ní àna òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkìlọ̀ tó yẹ kó dún lójú ẹsẹ̀ tò sẹ́yìn àwòrán ìgò. Kó tó dún, oru ti bó baba lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀gá ní baba sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni. Tọ́sẹ̀ bá parí, kó máa lọ sílé.

Ẹ̀bi ń jẹ Olùpín lọ́kàn bí ikán ṣe ń jẹgi, ó sì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

"Panu mọ́, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ta ló máa fọmọ fún ẹni tó bó o lọ́wọ́?"

Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ bá ọmọbìnrin náà.

"Olólùfẹ́ mi, bàbá ò sùn. Ìpín wọn ni mo mú fún ọ."

Ọmọbìnrin náà ní, "Mo fura."

"O fura kẹ̀?"

"Fídíò tèmi nìkan ni kì í wọ́ mọ́. Mi ò bi ọ́ níbi tó ti wá, torí ó dùn mọ́ mi. Wọ́n wá ń fi bàbá mi ṣẹ̀sín, mo ṣì dákẹ́." Omijé dà lójú rẹ̀. "Dìde, ká jọ lọ."

Wọ́n jọ lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ baba mọ́, Olùpín pàdánù tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà fárígá: "Ọmọ wa ò ní fẹ́ apanilára!" Ọdún kan gbáko ni Olùpín fi ń lọ tọrọ àforíjì kí ilé náà tó rọ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọwọ́ òsì ni baba fi fa ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọ̀tún ò tíì ṣeé ká dáadáa. Olùpín ò lè gbójú sókè.

"Wò mí lójú, àna mi," ni baba wí. "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé yín, ẹni tó bá ń ké pé ó ń jó òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù."