Dírẹ́bà Tuntun

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí Afeezat fi ránṣẹ́ láti Ìlaròó fi odindi ọjọ́ kan pẹ́ kó tó dé Ayétòrò. Nígbà tó sì dé, kàkà kó gba kọ̀ǹpútà là, okùn ló dì mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló kọ ọ́. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ẹ̀bùn tí Abdulrauf, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, gbé wá fún un lẹ́yìn tí ìjọba ti ti bọ́dà pa. Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà bí ẹni fẹ́ràn ẹyẹ. Bí eruku ọyẹ́ bá ti pọ̀, á ṣí ikùn rẹ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì rọra gbá a, á sì fi ìka kan ẹ̀kán ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan tó wà lára káàdì inú rẹ̀, èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kán náà kéré bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Abdulrauf ní ọ̀dà ilẹ̀kùn ló ta sí i. Afeezat kò bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ bi í pé ọ̀nà wo ni irú ọjà Kútọnu bẹ́ẹ̀ gbà wọlé nígbà tí ọ̀nà ti dí.

Ìròyìn tó kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ náà kò dára. Wọ́n ní ọ́pdéètì tuntun tó wọ inú Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ń sọ ojú kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn di dúdú. Ọkàn rẹ̀ lọ sí sítúdíò Alhaja Àṣíáwù, ìyá Abdulrauf, ní Ayétòrò, níbi tí wọ́n ti ń to fídíò wáàsí àti ti ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́. Afeezat fúnra rẹ̀ ló fi Linux sí ẹ̀rọ wọn nígbà tí fáírọ́ọ̀sì inú fíláàṣì àwọn oníbàárà ń dà á láàmú. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Alhaja:

"Màmá, ẹ ṣọ́ra fún dírẹ́bà tuntun yẹn. Ẹ má jẹ́ kó wọlé rárá. Ojú kọ̀ǹpútà ló máa ń bà jẹ́."

Ṣùgbọ́n Ìlárá ni Alhaja wà lọ́jọ́ náà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní Ìlárá, bọ́dà tì fún ènìyàn, kò tì fún fóònù: nẹ́tíwọ́ọ̀kì òdìkejì ló máa ń gbá a mú, tí yóò sì máa kí onífóònù ní Faransé. Ọ̀rọ̀ Afeezat so rọ̀ sójú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ Ẹtì tí Alhaja padà sílé, tó dúró níwájú kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ ti dúdú, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ sínú fóònù rẹ̀.

Ó pe Afeezat lójú ẹsẹ̀.

"Ìyàwó wa, a ti mú un."

"Ẹ mú kí ni, Màmá?"

"Dírẹ́bà tuntun náà."

Ìpè já. Afeezat gun ọ̀kadà.

Ṣàíbù ni wọ́n so mọ́ òpó ìta sítúdíò. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun ni. Oṣù tó kọjá ni Alhaja gbà á pé kó máa wa ọkọ̀ òun. Mákindé, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ṣé ìwọ ni Afeezat?" Ṣàíbù béèrè. "Kí ni mo fi ṣe ọ́, ọmọ yìí? Mi ò rí ọ rí láyé mi."

Afeezat kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń wí."

"Ó kọ ọ́ síbẹ̀." Alhaja na fóònù sí i. "Dírẹ́bà tuntun. Dírẹ́bà tuntun mélòó ni mo ní?"

"Màmá, inú kọ̀ǹpútà ni dírẹ́bà ọ̀hún wà. Kì í ṣe ènìyàn. Ètò kan ni, òun ló ń darí káàdì àwòrán bí awakọ̀ ṣe ń darí ọkọ̀."

Mákindé rẹ́rìn-ín. "Dírẹ́bà wà nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ndọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ tú mi sílẹ̀ nígbà náà," ni Ṣàíbù wí.

"Farabalẹ̀. Ta ló ń gbé ìrẹsì gba inú igbó Ìmẹ̀kọ tẹ́lẹ̀? Ẹni tó ti ṣe fàyàwọ́ rí, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbàgbé." Mákindé ju èèpo ẹ̀pà nù. "Ẹ̀yìn sítúdíò ni ò ń sùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀rọ bàjẹ́. Bí a bá ti kírun Àsárì tán, àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn, àyàfi bí ìyàwó yìí bá fi ẹlòmíràn hàn mí."

Ṣàíbù kò wo Mákindé. Afeezat ló ń wò.

"Bí wọ́n bá gbé mi débẹ̀, ta ni yóò tún fún mi ní ọkọ̀ wà? Orúkọ fàyàwọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ̀ kúrò lára, yóò wá di awọ ara mi nìyẹn."

Afeezat wọ inú sítúdíò. Dinah, ọmọbìnrin tó ń to fídíò, dúró ní kọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Epo ti wọ́n láti ìgbà tí bọ́dà ti tì, ṣùgbọ́n Alhaja ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Kọ̀ǹpútà kùn. Iná ara rẹ̀ tàn. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi."

"Lánàá ni. Ó ní ọ́pdéètì wà, mo tẹ bẹ́ẹ̀ni. Ó ní kí n pa á kí n tún un tàn. Mo tún un tàn, ó di òkùnkùn."

"Ta ló ní kí o tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni. Bó bá ti béèrè, bẹ́ẹ̀ni ni mo máa ń tẹ̀. Ṣé kí n máa bá kọ̀ǹpútà jiyàn ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Afeezat, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọwọ́ Dinah kò dúró lójú kan. Etí aṣọ rẹ̀ ló ń ká, tó tún ń tú.

"Kí lò ń fi pamọ́, Dinah?"

"Wọn yóò ní èmi ni."

"Èmi náà lè ní ìwọ ni. Sọ ọ́."

"Kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò yá mọ́. Fídíò tó máa ń tò tán kí n tó jẹun tán, ilẹ̀ ń ṣú mọ́ ọn. Mi ò sọ fún Alhaja. Wọn yóò ní mo ti lò ó bàjẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti Ìlobí dé, nígbà tí ara ìyá mi kò yá. Bọ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ tì nígbà náà."

"Ta ló dúró ní sítúdíò nígbà tí o kò sí?"

Dinah wo ilẹ̀kùn. "Bọ̀ọ̀dá Rauf."

Afeezat jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá, bí ẹni tó jẹ́ kí ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ kọjá. Ó tẹ bọ́tìnnì mélòó kan pọ̀. Lójú dúdú náà, lẹ́tà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Kò sí àwòrán, ọ̀rọ̀ nìkan ni.

"Kò kú," ló wí. "Ó ń mí. Kò kàn ríran ni."

Ó ní kí ẹ̀rọ náà ròyìn ohun tó rí nígbà tó jí. Ọ̀rọ̀ ń sáré kọjá títí ọ̀kan fi dá a dúró. Dírẹ́bà tuntun ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé káàdì tí òun bá níhìn-ín ti gbó jù fún òun. Dírẹ́bà àtijọ́ ni kí wọ́n lọ wá fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bára mu. Káàdì Alhaja kò gbó. Afeezat kò ṣí ikùn ẹ̀rọ náà rí, ṣùgbọ́n ó ti rí orúkọ káàdì náà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tó fi Linux sí i. Tuntun ni. Ìbejì èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà òun nílé ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Mo fẹ́ tú u."

Nígbà tí ó ṣí i, eruku pupa ti tẹ́ sórí gbogbo nǹkan bí ìyẹ̀fun. Káàdì kan wà níbẹ̀, ó kéré, ó gbó.

"Ṣé èyí ni ẹ rà?"

Alhaja wọ jígí. Ó wo iwájú káàdì náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọ̀dà mi dà?"

"Ọ̀dà wo, Màmá?"

"Nígbà tí mò ń ṣòwò, ẹrù wa máa ń dàpọ̀ lórí ọ̀kadà àwọn tó ń gbé e sọdá. Olúkúlùkù ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Tèmi ni àwọ̀ ewé. Títí dòní, ohun tí kò bá ní ọ̀dà yẹn lára kì í ṣe tèmi. Kí kọ̀ǹpútà yìí tó kúrò ní Kútọnu ni mo ti ní kí wọ́n tú u, mo kán ọ̀dà sí ohun gbogbo inú rẹ̀. Àwọn olùtúnṣe ń pààrọ̀ nǹkan ẹni." Ó nàka. "Wò ó níbí. Wò ó lọ́hùn-ún."

Afeezat wò ó. Ẹ̀kán kan wà lára fáànù. Ẹ̀kán kan wà lẹ́bàá wáyà. Wọ́n kéré bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Ó rántí ẹ̀kán kan náà tó máa ń fi ìka kàn nílé.

"Olè ni," ni Alhaja wí. "Ṣàíbù ti jí i tà."

"Oṣù tó kọjá ni Ẹ̀gbọ́n Ṣàíbù dé ọ̀dọ̀ yín. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ẹ wo eruku yìí, bó ṣe bo ara ẹ̀rọ ló ṣe bo káàdì àti ìdè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó dé. Dírẹ́bà àtijọ́ ń wa ògbólógbòó yìí lọ láìráhùn. Dírẹ́bà tuntun ló kọ̀. Ọ́pdéètì kò ba nǹkan jẹ́, Màmá. Àṣírí ló tú."

Wọ́n gbọ́ ohùn Abdulrauf níta, ó ti Jímọ̀ dé. Afeezat dé ikùn ẹ̀rọ náà padà. Ó fi ìka sí ètè.

Abdulrauf wọlé nínú jalàbíà funfun. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i.

"Ìyàwó mi, o dé."

"Ẹ kú Jímọ̀. Ẹ̀rọ Màmá kọ̀, kò ríran. Kí lẹ rò pé ó ṣe é?"

"Kí ni mo tún fẹ́ rò? Dinah ló fọwọ́ fà á. Ká ní kò ṣe ọ́pdéètì, káàdì àtijọ́ yẹn ì bá ṣì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Alhaja yọ jígí ojú rẹ̀.

"Àtijọ́?" ni Alhaja wí. "Tuntun ni mo rà, Rauf."

"Mo kàn ní... gbogbo nǹkan ló ń gbó, Màmá."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé káàdì inú rẹ̀ gbó," ni Afeezat wí. "Àwa tó wà níhìn-ín, a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ẹ̀kán ọ̀dà tó wà lára káàdì tèmi nílé, ilẹ̀kùn wo ló ti ta sí i?"

Alhaja jókòó. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Afeezat. Kò sí ohun tí a tún ní láti ṣàlàyé fún un.

Abdulrauf bọ́ fìlà. "Táyà tí mo fẹ́ kó wọlé há sí Kétu lódìkejì nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, owó mi sì há pẹ̀lú rẹ̀. Mo sì ti ṣèlérí kọ̀ǹpútà fún ọ. Mo rí ọ̀kan rà, káàdì inú rẹ̀ ni kò dára. Nígbà tí Dinah lọ Ìlobí, mo fi èyí tí kò dára síbí, mo fi ti Màmá sí tìrẹ. Mo fẹ́ kí o ní èyí tó dáa jù ni, Afeezat. O mọ bí inú rẹ ṣe dùn lọ́jọ́ náà."

Òótọ́ ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan wo bí àwọ̀ ṣe ń ṣàn lójú ẹ̀rọ náà bí odò.

"Ìgbà wo ni ẹ rí Ẹ̀gbọ́n Ṣàíbù lónìí?"

"Láàárọ̀."

"Lórí okùn?"

Abdulrauf ń yí fìlà náà lọ́wọ́.

"Ẹ rí wọn lórí okùn, ẹ wẹ̀, ẹ wọ funfun, ẹ gba iwájú wọn kọjá lọ kírun."

"Wọn yóò tú u sílẹ̀ náà ni. Ẹni tó ti ṣe fàyàwọ́ rí, kí ni ẹ̀sùn kan ṣoṣo jẹ́ fún un?"

Alhaja di Afeezat lọ́wọ́ mú. "Ìyàwó wa. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Jẹ́ ká sọ fún Mákindé pé ọ́pdéètì ni. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Wọn yóò tú Ṣàíbù sílẹ̀, a ó pa ẹnu mọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni yìgì yín."

"Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, Màmá. Bí a bá ní ọ́pdéètì ni, àdúgbò yóò máa wí pé fàyàwọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Wọn ò ní rí ọkọ̀ wà mọ́."

Ó jáde. Níwájú Mákindé àti àwọn tó ti péjọ, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti ọ̀dà, ti eruku, ti káàdì tó wà nílé òun fúnra rẹ̀. Kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni pamọ́, títí kan ti Abdulrauf. Mákindé gbàgbé ẹ̀pà sẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló tú okùn náà.

Ṣàíbù ń fi ọwọ́ kan ra èkejì. "Ọmọ yìí, bí o bá tún fẹ́ kọ dírẹ́bà, jọ̀ọ́, kọ orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn."

Kí Afeezat tó kúrò, ó yọ dírẹ́bà tuntun náà, ó fi èyí tí kì í yan káàdì dípò rẹ̀, kí Dinah lè rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Ojú ẹ̀rọ náà là, ṣùgbọ́n ó ń wò bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀.

Abdulrauf bá a lẹ́bàá títì, níbi tó ti ń dúró de ọ̀kadà. Fìlà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nítorí rẹ ni, Afeezat."

"Mo mọ̀. Lọ́la ni n óò gbé káàdì náà padà wá fún Màmá. Èyí tí o jí nítorí mi, bóyá mo lè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n o rí ènìyàn lórí okùn tó yẹ ọ́, o sì kọjá."

Abdulrauf gbójú sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "ẹ" ni Afeezat máa ń fi bá a sọ̀rọ̀.

"Mi ò ní fẹ́ ọ, Abdulrauf."