Orúkọ tí Ìyàwó Fún Dìran

"Akọ̀wé mi, ẹ kú àbọ̀ o!"

Bí Tẹjúmádé, ìyàwó tuntun, bá ti fi orúkọ yìí kí Ọládipọ̀ nígbà tó bá ti ilé ìwé àwọn oníwàásù dé, Dìran a máa pòṣé. Ẹ̀gbọ́n àwọn méjèèjì ni ọkọ Tẹjúmádé. Ìyàwó kì í kúkú pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Àfi kó wá orúkọ mìíràn fún un. Ọládipọ̀ di Akọ̀wé. Dìran, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣoko, di Agùntáṣọọ́lò.

"Ṣé ọ̀pẹ náà ò ga ni?" Dìran a máa kùn. "Àbúrò mi ní ọpọlọ, èmi ní ẹsẹ̀ gígùn!" Hẹ̀n, ìlara ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan mú ìwé wá fún Tẹjúmádé nílé wọn l'Òwu. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi rán mi," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n tí ogun kó lẹ́rú láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, tí wọ́n gbọ́ pé àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ sí Sàró lókè òkun! Tẹjúmádé ń yí ìwé náà síwá sẹ́yìn.

"Yéè! Akọ̀wé ò sì sí nílé!"

"Èmi ńkọ́? Ojú mi fọ́ ni?" Dìran já ìwé gbà. Kò mọ A, kò mọ B. Ó wò ó títí, ó wúkọ́. "Ó kí ọ. Àlàáfíà ló wà ní Sàró. Ó ní kí o fọkàn balẹ̀."

Tẹjúmádé kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé o, Akọ̀wé àgbà!"

Orúkọ náà dùn mọ́ Dìran dé egungun. Kí àṣírí má baà tú, ó ní òun yóò bá a tọ́jú ìwé náà, ó sì tì í bọ abẹ́ ẹní rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọládipọ̀ ń gbálẹ̀, ó rí i, ó kà á sétí gbogbo ilé:

"Mo ti dé Èkó. Wá, tàbí kí o ránṣẹ́ sí mi. Bí oṣù tuntun bá lé tí n kò gbúròó rẹ, màá gbà pé o ti kú, màá bá ọkọ̀ padà sí Sàró. Èmi ni, Agùntáṣọọ́lò rẹ."

Oṣù ti lé láti ọjọ́ mẹ́rin.

Tẹjúmádé yíjú sí Dìran. "Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fún yín. N kò ní èyí tó dùn mọ́ mi jù ú lọ."

Ọládipọ̀ kọ̀wé sí Èkó. Èsì kò dé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó ń wo ẹran inú àwo ẹlòmíràn kì í mọ ìgbà tí tirẹ̀ ń dà nù. Láràárọ̀, Tẹjúmádé ṣì ń kúnlẹ̀ kí Dìran: "Ẹ kú àárọ̀ o." Dìran a dúró díẹ̀, bóyá yóò fi orúkọ kún un. Kò fi kún un mọ́ láé.