Ìbínú Aránṣọ Lórí Kẹ̀kẹ́

Ọjọ́ tí gbogbo búrẹ́dì jóná mọ́ oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, aránṣọ ló fà á. Ó wọlé wá ra búrẹ́dì, ó rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì gbàgbé iná. Èéfín bo àdúgbò débi pé àwọn adìyẹ lọ sùn lọ́sàn-án gangan. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gbafẹ́ ní erékùṣù kan tí mọ́tò kì í dé. Wọ́n háyà kẹ̀kẹ́ méjì, wọ́n ní àwọn á yí erékùṣù náà ká kílẹ̀ tó ṣú.

Ibi tí wọ́n ti dúró mumi ni oníbúrẹ́dì ti là á mọ́lẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, Màmi ní kí n jáwọ́ lọ́rọ̀ ẹ. Wọ́n ní o níwà jẹ́jẹ́ jù, o ò ní lè kápá mi."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mi ò… mi ò tíì sọ nǹkan kan."

Há! Ojú aránṣọ pọ́n bí ẹyin iná. "Ẹnu tó o fi ń pè mí ládùn ọkàn ẹ, ṣé inú ìyẹ̀fun lo gbàgbé ẹ̀ sí ni?"

Ó fò sórí kẹ̀kẹ́, ó ṣẹ́rí padà. Yanrìn tó ta sẹ́yìn tó láti kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Kò sí takisí tó lè gbé e sá, ọkọ̀ ojú omi ò sì ní í dé àfi ìrọ̀lẹ́. Ó ń wà á, ó ń sunkún, ó ń ṣépè fún táyà.

Oníbúrẹ́dì ò lè lé ìjì bá, ó bá gba iwájú lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì yí erékùṣù náà ká bí ìgbànú. Bí aránṣọ ṣe yọ ní kọ́nà kan báyìí, ọkùnrin náà rèé, ó gbé fóònù sétí.

"Ojo! Búrẹ́dì gbígbóná ni ẹ́, ibi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lo ń tẹ̀ sí! Tó o bá fẹ́ mi, sọ ọ́ jáde! Tó ò bá fẹ́ mi, sọ ìyẹn náà!"

"Mo ti sọ ọ́." Ọkùnrin náà na fóònù sí i. "Mo ní bí kì í bá ṣe ìwọ, mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Màmi ṣì wà lórí fóònù."

Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó gba fóònù. "Ẹ… ẹ kú ọ̀sán, mà."

"Ìwọ lo pariwo tó báyìí? Ìwọ tí mo rò pé eṣinṣin lè gbá létí?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Má bẹ̀ mí! Látọjọ́ tí mo ti bí i ni mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi bá a wí. Ìyàwó mi, mú un bọ̀ wálé."

Aránṣọ dá fóònù padà, ó ti kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ náà sí i lọ́wọ́.

"Máa ti méjèèjì lọ," ló wí. "Má sì bá mi sọ̀rọ̀, ọkọ mi."